Àpótí Tí Kò Dáhùn

Nígbà tí aago ara ògiri lù mọ́kànlá ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 1988, kò tíì sí lẹ́tà kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ìjẹun mi ní Ọ̀yọ́. Àlejò méjì sì jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n ń wo ẹ̀yìn mi.

Èkíní ni Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé ìgbẹ̀bí agbègbè wa. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kì í gbé ohùn sókè, kì í sì í yí ìpinnu padà. Èkejì ni Ọládépò, olùtọ́jú ilé ẹrù ìgbìmọ̀ náà, tó gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wá síwájú ilé mi. Páálí òfìfo mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ohun tí wọ́n wà fún, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti sọ ọ́.

"Ìyáàfin Oyèdèjì," ni alága wí, "àdéhùn wa kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ọ̀rọ̀ gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó sì dé ojú ẹ̀rọ yìí kí aago kan tó lù. Bí ó bá dé, ẹ̀rọ méjèèjì di tiyín. Bí kò bá dé, ìlú mìíràn wà tó ń tọrọ wọn."

"Mo gbọ́ yín, sà."

"Mo ti fún awakọ̀ mi ní lẹ́tà kan tí mo lẹ̀ pa, kí ó gbé e lọ fún ìyàwó tó ń tẹ ẹ̀rọ lọ́hùn-ún. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àpò mi. Ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn gan-an ni mo fẹ́ kà níbẹ̀ yẹn."

Ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà náà. Ó mọ́ tónítóní. Èmi fúnra mi ni mo rí sí i pé ó mọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó gbé wa dé ibẹ̀. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Kúbúrátù, bímọ ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Irú ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu wà ní Ọ̀yọ́ níbí, nínú fìríìjì ilé ìwòsàn kan tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Tẹlifóònù kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n rán sí mi wọ ọkọ̀, ọkọ̀ dúró lọ́nà, ó wọ òmíràn, ìrọ̀lẹ́ ló sì tó kan ilẹ̀kùn mi. A gbé ẹ̀jẹ̀, a sáré, ẹkún la bá ní ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà yè. Saifudeen ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ń gbé.

Ẹ̀kọ́ físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nínú ìlú yìí. Láti ìgbà tí a ti sin Kúbúrátù ni mo ti ń wá ohun tí yóò yára ju ọkọ̀ lọ. Mo kà nínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè kan pé àwọn ènìyàn ti ń so kọ̀ǹpútà mọ́ rédíò, tí ọ̀rọ̀ sì ń ti ilé kan dé ilé mìíràn láìsí wáyà láàárín wọn. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rìndínlógójì láàárín ọdún mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ dá mi lóhùn lẹ́yìn-ọ̀-rẹ́yìn, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ wọ̀nyí kalẹ̀ fún ìdánwò: kọ̀ǹpútà méjì, rédíò méjì, àti àpótí kékeré méjì tí kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ. Àpótí náà ló wà láàárín kọ̀ǹpútà àti rédíò. Yóò sọ lẹ́tà di ariwo, rédíò yóò ju ariwo náà sínú afẹ́fẹ́, àpótí kejì yóò sì sọ ọ́ di lẹ́tà padà. A kò lè fi ẹnu sọ̀rọ̀ nínú rédíò náà. Lẹ́tà nìkan ni ìwé àṣẹ ìjọba gbà wá láyè láti rán, wọ́n sì ti yọ máìkì lára méjèèjì kí wọ́n tó kó wọn fún wa.

Àpótí kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, èyí tí kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́fà lọ. Orúkọ yẹn gẹ́lẹ́ ni a ó fi pè é kí ó tó dáhùn. Bí a bá fi òmíràn pè é, yóò jókòó bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ. RAMOTA ni mo sọ ti Ọ̀yọ́, nítorí orúkọ mi nìyẹn, èmi ni mo sì ṣe wàhálà rẹ̀. MUILI ni mo sọ ti Ògbómọ̀ṣọ́, orúkọ àbúrò mi ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ nínú pálọ̀ baba wa ní Tákíé. Ohun gbogbo tí a ní láti tẹ̀ sínú àpótí kí ó tó lè ṣiṣẹ́ ni mo kọ sínú ìwé, ìlà mọ́kànlá, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń yìn, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Mùílì ti wá sí Ọ̀yọ́ lánàá láti bá mi ri ọ̀pá éríà mọ́ òrùlé. Ìyàwó rẹ̀, Asiyah, la fi sídìí ẹ̀rọ ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọbìnrin náà kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la ti fi ń dán àwọn ẹ̀rọ wò, tí òun ń tẹ ọ̀rọ̀ tí èmi sì ń kà á. Ṣùgbọ́n Mùílì ló ti to ìlà mọ́kànlá náà sínú àpótí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti lọ wo Asiyah ní ọjọ́ Ajé. Ó kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, Akọ̀wé mi. Ẹ kú ọ̀nà o."

"Ṣé o ti ka ìwé ara ògiri yìí dáadáa?"

"Mo ti kà á, Akọ̀wé."

"Bí iná bá lọ tí àpótí bá gbàgbé gbogbo nǹkan ńkọ́?"

"Màá tẹ ìlà mọ́kọ̀ọ̀kànlá padà."

Kò gbé ojú sókè. Kò tíì pé ọdún méjì nílé wa, mo sì rò nínú ara mi pé ẹni tí kò lè wo ojú mi kò ní lè wo ojú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé kò sí ẹlòmíràn.

Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo tẹ orúkọ MUILI, mo pè é. Ìgbà mẹ́wàá ni àpótí máa ń pè kí ó tó jáwọ́. Ó pè é nígbà mẹ́wàá, ó sì kọ ọ́ sí ojú ẹ̀rọ pé kò sí ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n rédíò kò dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dún ṣàà, ṣàà, bí ìgbà tí omi ta sínú epo gbígbóná, iná pupa ara àpótí sì ń ṣẹ́jú bá a. Ẹnìkan ń rán nǹkan sí wa. Ojú kọ̀ǹpútà kò sì fi nǹkan kan hàn.

"Mùílì, gun òrùlé."

Ó gùn ún. Mo dúró sójú fèrèsé tí mo fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé kí n yí i?"

"Yí i díẹ̀ sí apá Ọjà Akẹ̀sán. Ó pọ̀ jù! Dá a padà. Dúró bẹ́ẹ̀."

Mo pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ìdáhùn. Ọládépò nà, ó yán.

"Mádáàmù, ẹ jẹ́ kí n kúkú kó páálí wọ̀nyẹn wọlé. Òòrùn ti mú."

"Òòrùn kì í ba páálí jẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò."

"Èmi tí mo máa gbé e ni òòrùn ń pa, mà."

Mo tú wáyà tó so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí, mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo yẹ nọ́ńbà ojú rédíò wò: bí mo ti kọ ọ́ ló wà. Mo yẹ bí àpótí ṣe ń yára sọ̀rọ̀ wò: kò yí padà. Mo pa gbogbo rẹ̀, mo tún un tàn, mo sì pe MUILI nígbà mẹ́wàá sí i. Aago méjìlá lù. Òógùn ti ń sàn lọ́rùn mi, ẹ̀yìn kò sì wá rọrùn fún mi láti kọ sí wọn mọ́.

Mo jókòó, mo fi ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, mo sì fi ìrònú ṣe é bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ariwo ń dé. Bí ariwo bá ń dé, ọ̀pá orí òrùlé kò ṣe nǹkan kan, rédíò kò ṣe nǹkan kan. Iná pupa ń ṣẹ́jú, nítorí náà àpótí ń gbọ́. Ohun tó kù kò ju ẹni tó wà ní ìdí ẹ̀rọ kejì lọ.

Bí ẹni pé alága gbọ́ ohun tí mò ń rò, ó ní, "Ṣé obìnrin tó wà lọ́hùn-ún mọ ohun tó ń ṣe?"

"Ó mọ̀wé kà, sà."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

Mùílì ti sọ̀ kalẹ̀, eruku pupa bo orúnkún rẹ̀. "Ó mọ̀ ọ́n, sà," ló wí. "Asiyah mọ̀ ọ́n ju èmi gan-an lọ."

"Bí ó bá mọ̀ ọ́n," ni mo dá a lóhùn, "kí ló ń ṣe láti àárọ̀? Ẹni tí mo kọ ọ́ fún ní ìlà mọ́kànlá, tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú rẹ̀!"

Mùílì yíjú sí fèrèsé. Mo rí i pé ó dùn ún, n kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àlejò.

Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Hussein, awakọ̀ alága, wọlé. Táyà rẹ̀ ti jò lọ́nà.

"Mo fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́ ní aago mẹ́sàn-án, sà," ló wí. "Ó ti wà nídìí ẹ̀rọ kí n tó dé. Wọ́n ní iná lọ mọ́jú, àfẹ̀mọ́jú ló dé. Bàbá àti Ìyá jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aboyún tó ń rọbí. Ìyá ní kí ó máa ka ohun tó bá ń tẹ̀ sókè kí àwọn náà lè gbọ́, ó sì ń kà á."

"Kò ní kí o jíṣẹ́ kankan?" ni mo bi í.

"Ó ní kí n kí Akọ̀wé, pé òun ti ń pè wọ́n láti aago mẹ́jọ." Ó wo alága. "Mo rò pé ẹ̀yin ló ń wí, sà."

"N kì í ṣe akọ̀wé ẹnikẹ́ni," ni alága wí.

Mo gbọ́ ìkíni náà, mo jẹ́ kó kọjá. Ọ̀rọ̀ iná tó lọ ló gbà mí lọ́kàn. Bátìrì kékeré tó wà nínú àpótí Ògbómọ̀ṣọ́ ti kú láti oṣù tó kọjá, èyí tí a kọ̀wé fún kò sì tíì dé. Bí iná bá ti lọ, àpótí náà ti gbàgbé ohun gbogbo, títí kan orúkọ ara rẹ̀. Asiyah nìkan ló tẹ ìlà mọ́kànlá padà. Ìlà kan nínú wọn kò dúró bí mo ti kọ ọ́. Èwo ni? Máìlì tó wà láàárín wa lé ní ọgbọ̀n, n kò sì ní máìkì.

"Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló kù," ni Ọládépò wí, kò sì sí ẹni tó bi í.

Mo gbé ìwé tó bá àpótí wá, mo sì ń ṣí i kíákíá. Ohun tí mò ń wá ni bí mo ṣe lè rí ariwo yẹn, bí ó ti wù kí ó rí, kí n sáà mọ ohun tí ọmọbìnrin náà ń rán. Ojú ewé kejìdínláàádọ́ta ni mo ti rí i, ìtìjú sì bò mí nítorí pé mo mọ ojú ewé náà dáadáa. Lánàá ni mo lò ó.

Lánàá, ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí ń wọ ojú kọ̀ǹpútà: àmì wẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, ariwo rédíò àwọn ẹlòmíràn tí àpótí gbìyànjú láti kà. N kò fẹ́ kí alága bá ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀rọ mi. Mo pàṣẹ fún àpótí pé kí ó má ṣe fi ohunkóhun hàn mí àyàfi èyí tí a bá fi orúkọ mi gan-an ránṣẹ́. Mo tilẹ̀ ti kọ àṣẹ kan náà fún Asiyah; òun ni ìlà kẹsàn-án.

Mo mú àṣẹ náà kúrò.

"Kí lẹ ṣe?" ni alága bèèrè.

"Mo ní kí ó fi gbogbo ohun tó bá gbọ́ hàn mí, sà, ì báà jẹ́ tèmi, ì báà má jẹ́ tèmi."

A dúró. Mùílì wá sẹ́yìn àga mi. Rédíò dún ṣàà. Ìlà kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà èkejì, tó bá a dọ́gba:

OLOWO ń pe AKOWE.

OLOWO ń pe AKOWE.

"Ta ni Olówó?" ni alága bèèrè.

Mo yíjú wo àbúrò mi. Ó ń wo ilẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

"Mùílì."

"Èmi ni, Àǹtí."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Olówó orí mi ló máa ń pè mí nílé."

Ọládépò bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu itan. "Olówó! Olówó tí eruku bò dé orúnkún!" Alága wúkọ́, ó sì fi áńkáṣífì nu ẹnu fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀.

Ní tèmi, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti sọ fún mi ẹni tí AKOWE jẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Asiyah wọ ilé wa, kò tíì pe orúkọ mi rí. Èmi ni ọmọ ilé, òun ni ìyàwó. Mo ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé. Ó wò mí, ó rí ẹni tó ń kàwé, ó sì sọ mí ní Akọ̀wé, bí ìyàwó gbogbo ṣe ń sọ àwọn tó bá nílé lórúkọ. Mo kọ ọ́ fún un sórí ògiri pé kí ó tẹ orúkọ ọkọ rẹ̀ àti orúkọ mi gbalaja, Ìyá sì tún ní kí ó máa kà wọ́n sókè sétígbọ̀ọ́ òun. Èmi tí mo kọ ọ́, ó ti di ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wọ ìdílé ọkọ mi tó jẹ́ ará Ìsẹ́yìn. Ìbàdí-àrán ni mò ń pe àbíkẹ́yìn wọn, n kò sì ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí pàápàá. Mo gbàgbé gbogbo èyí nítorí pé ọmọ ilé ni mí ní Tákíé.

"Ẹ pe OLOWO!" ni Mùílì wí létí mi. "Ẹ pè é kíá, yóò dáhùn."

Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì.

"Rárá," ni alága wí.

"Sà?"

"Àdéhùn wa ni pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò pè. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ni yóò pè yín, Ìyáàfin. Kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ óò máa pè é láti bèèrè bóyá ó ń kú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. N kò lè bá a jiyàn, nítorí òótọ́ ni. Mo mú ọwọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà mo ṣe ohun kan ṣoṣo tó kù fún mi: mo pa orúkọ RAMOTA rẹ́ nínú àpótí mi, mo sì tẹ AKOWE sí ipò rẹ̀. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún.

Bí mo ti parí rẹ̀ ni rédíò dákẹ́.

Àpótí Asiyah ti pè nígbà mẹ́wàá, ó ti jáwọ́. Kò ní pè mọ́ àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá tún tẹ̀ ẹ́. A gbọ́ ìró aago ara ògiri. A gbọ́ ọkọ̀ tó kọjá lójú títì. Mo rò ó wò: ọmọbìnrin náà ti jókòó láti àfẹ̀mọ́jú, ó ti ń pe ẹni tí kò dáhùn fún wákàtí márùn-ún. Ìyá mi yóò ti máa sọ pé kí ó dìde, kí ó lọ sinmi, pé bóyá ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ìyàwó kì í sì í kọ ọ̀rọ̀ sí Ìyá lẹ́nu nílé wa.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ku mẹ́jọ.

Ọládépò dìde, ó jáde. Ó padà wọlé pẹ̀lú páálí méjì, ó sì rọra gbé wọn kalẹ̀ sẹ́bàá tábìlì. Kò fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà," pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń báni kẹ́dùn. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù.

"Asiyah, jọ̀ọ́," ni Mùílì ń sọ sínú ọwọ́ rẹ̀. "Jọ̀ọ́, ìyàwó mi."

Mo fẹ́ gbàdúrà, ṣùgbọ́n orúkọ Kúbúrátù ló wá sí mi lẹ́nu. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Alága yọ ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ kúrò nínú àpò, ó wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a padà.

Rédíò dún ṣàà.

Iná pupa ṣẹ́jú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná kejì, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, tí kò tíì tàn láti òwúrọ̀, tàn, kò sì kú mọ́. Àpótí kọ ọ́ pé OLOWO ti wọlé. Ọ̀rọ̀ sì ń bọ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, gàdàgbà-gàdàgbà:

OBÌNRIN KAN, ỌMỌ ỌDÚN MỌ́KÀNLÉLỌ́GBỌ̀N, Ń BẸ NÍ ILÉ ÌGBẸ̀BÍ. Ó TI BÍMỌ. Ẹ̀JẸ̀ KÒ DÁ. ÌGÒ MẸ́TA LA FẸ́. Ẹ MÁ PẸ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Kúbúrátù nígbà tó kú. Mo ti kọ ọ́ sínú ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rìndínlógójì mi, n kò sì mọ̀ pé ẹnì kan kà á dé ibẹ̀. N kò yíjú sẹ́yìn, nítorí n kò fẹ́ kí alága rí ojú mi.

Ó ti dìde, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ilé ẹjọ́. Nígbà tó dé òpin, ó wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n Asiyah kò tíì parí. Ìlà mìíràn ń jáde, èyí tí kò sí nínú ẹ̀dà alága:

AKỌ̀WÉ MI, Ẹ MÁ BÍNÚ PÉ Ó PẸ́. LÁTI AAGO MẸ́JỌ NI MO TI Ń PÈ YÍN. ÌYÁ NÍ ṢÉ Ẹ TI JẸUN.

"Ẹ dá a lóhùn," ni alága wí. "Ìyá ń dúró."

Mo tẹ̀ ẹ́ pé mi ò tíì jẹun, àti pé kò ṣe ohun tí mo fẹ́ bínú sí. Nígbà náà ni alága ká lẹ́tà rẹ̀, ó fi sápò.

"Ta ló kọ ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri?"

"Èmi ni, sà."

"Ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára. Ẹ tún un kọ." Ó mú fìlà rẹ̀. "Ọládépò, kó páálí rẹ padà sínú ọkọ̀."

"Mo mọ̀ pé òòrùn yìí kò ní fi mí sílẹ̀ lónìí," ni Ọládépò wí, ó sì gbé páálí lérí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti Mùílì wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò mi kí a tó kúrò ní Ọ̀yọ́. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì ń wojú fèrèsé títí a fi kọjá odò. Asiyah kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà bí ó ti máa ń ṣe. Mo fà á dìde.

"Èéṣe tí o kò tẹ ohun tó wà lára ògiri?"

"Ìyá ní kí n máa kà á sókè, Akọ̀wé. Mo dé ìlà kìíní, tó ní kí n tẹ orúkọ..." Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi. "Mo dé ìlà kìíní, ẹnu mi ò gbà á. Mo ní ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń pè yín. Mo rò pé ẹ̀rọ yín á mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀rọ mi kò mọ̀ ọ́n," ni mo wí. "Èmi ló yẹ kí n mọ̀ ọ́n."

Mo ṣí ìwé àtijọ́ kúrò lára ògiri. Mo jókòó sórí àga rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, mo sì kọ òmíràn. Ní ìlà kìíní mo kọ OLOWO, ní ìkejì AKOWE. Mo pa ìlà kẹsàn-án rẹ́, mo sì kọ sí ipò rẹ̀ pé kí àpótí máa fi gbogbo ohun tó bá gbọ́ hàn, ẹni yòówù kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Saifudeen dúró ti orúnkún mi, ó ń béèrè bóyá òun lè mú gọ́ọ̀mù.

Ìyá mi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìborùn nu ọwọ́, ó sì jókòó.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀? Asiyah, kà á fún mi."

Ó dúró níwájú ògiri, ó sì ka ìlà mọ́kọ̀ọ̀kànlá sókè, kò sì kọsẹ̀ níbì kankan.